Pi 4 kọ̀, kò gbéra láti orí dísìkì USB (ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, Kétu)

Olùkọ́_Kétu · Kétu · ọjọ́ Ajé, àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kétu níbí. A ní Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó kan ṣoṣo), oní-4GB, òun la fi ṣe ilé-ìkàwé fún àwọn ọmọ. Kiwix, ètò tó ń ṣí ìwé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú Wikipedia èdè Faransé àti ti Yorùbá, Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, náà wà níbẹ̀ fún ìṣirò. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá náà. Pi fúnra rẹ̀ ló ń tan Wi-Fi, àwọn ọmọ á fi fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n á máa kà.

Káàdì SD ló ń dà wá láàmú. Iná á lọ lójijì, á dé, á tún lọ, títí ọjọ́ kan tí káàdì á kàn kọ̀ tí ẹ̀rọ ò ní tan mọ́. Gbogbo ìdánwò tí àwọn ọmọ ti ṣe nínú Kolibri á sì bá a lọ. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn ọmọ náà máa ń bi mí pé máàkì àwọn dà.

Mo ti wá pinnu pé n ò fẹ́ káàdì mọ́. Ẹnì kan bá mi ra dísìkì SSD 240GB (irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú) wá láti Kútọnù, pẹ̀lú kéébù tó ń so SATA, ẹnu dísìkì náà, mọ́ USB 3. Mo fi Raspberry Pi Imager, ètò ìkọ̀wé sórí káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kọ Raspberry Pi OS tuntun, ètò tí Pi fi ń ṣiṣẹ́, sórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí káàdì. Mo yọ káàdì, mo so dísìkì mọ́ ojú USB aláwọ̀ búlúù, mo tan án.

Iná pupa tàn. Iná àwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú. Síkíríìnì dúdú kirikiri. Bí mo bá dá káàdì padà, ẹ̀rọ á tan. Bí mo bá so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo rí ohun tó wà lórí rẹ̀, kò bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe? Íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ni mo ní, ó sì wọ́n, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbé fáìlì ńláńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ajé, ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, Olùkọ́ wa. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn ọmọ yẹn tóbi lójú mi.

Ká tó máa méfò, ẹ bá wa wo nǹkan méjì. Pi 4 ní ojú HDMI méjì. Èyí tó sún mọ́ ibi tí ṣájà ń wọ̀ ni kí ẹ so síkíríìnì mọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéra ti ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ yọ káàdì, ẹ yọ dísìkì, ẹ tan án lófìfo bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ojú ìwé kan tó kún fún lẹ́tà kéékèèké yọ. Bí nǹkan kan ò bá yọ rárá, ìyẹn náà ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi káàdì àtijọ́ tan án, kí ẹ tẹ:

`vcgencmd bootloader_version`

Ọjọ́ kan á jáde. Ẹ sọ ọ́ fún wa.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí: nígbà tí Pi 4 jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, kò tíì lè gbéra láti orí USB. Ètò tó ń jí i kò sí lórí káàdì, inú ṣípù kékeré kan lórí pátákó náà ló wà, tí wọ́n ń pè ní EEPROM. Ọdún 2020 ni wọ́n tó fi ti USB kún ètò yẹn. Pátákó tó jáde ṣáájú ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ EEPROM rẹ̀ di tuntun, bí dísìkì yín tilẹ̀ dára ju góòlù lọ, kò ní yíjú wò ó.

Atúnẹ̀rọṣe_Ouando · Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ajé, ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ kú ọ̀sán o. Ṣájà wo lẹ fi ń tan án? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún mi, níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí.

Olùkọ́_Kétu · ọjọ́ Ajé, alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Lófìfo, síkíríìnì ò sọ nǹkan kan. Pẹ̀lú káàdì, ọjọ́ tó jáde wà nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹni tó ta wá lọ́rẹ ló ti kọ káàdì náà tán kó tó gbé e wá, wọn ò sì tíì yí i padà láti ìgbà náà.

Ṣájà: 5V, 2A. Ti fóònù ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · ọjọ́ Ajé, alẹ́

Oṣù Kẹsàn-án 2019! Ó tán. EEPROM yín ò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ dísìkì USB.

Ẹ ò ní gbé fáìlì kankan, ẹ fọkàn balẹ̀. Imager máa ń tọ́jú ohun tó gbé kẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá káàdì mìíràn, 16GB tó, kí ẹ fi Imager kan náà kọ Raspberry Pi OS kan náà sórí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan káàdì àtijọ́ o, iṣẹ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ fi káàdì tuntun yìí tan Pi, kí ẹ tẹ:

`sudo rpi-eeprom-update`

Á fi èyí tó wà nínú ṣípù hàn yín, á sì fi èyí tó tuntun jù hàn. Èyí tuntun ọ̀hún ti bá Raspberry Pi OS wá, ó ti wà lórí káàdì, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjọ́ méjèèjì bá ti bára mu, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ti sọ ara rẹ̀ di tuntun nígbà tó ń tan. Bí wọn ò bá bára mu:

`sudo rpi-eeprom-update -a`
`sudo reboot`

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ó ṣe to ibi tí yóò ti máa gbéra:

`rpi-eeprom-config`

Ẹ wá ìlà BOOT_ORDER. Bí ó bá jẹ́ 0xf41, apá ọ̀tún la ti ń kà á wá sí òsì: 1 ni káàdì SD, 4 ni USB, f ni pé bí kò bá rí nǹkan kan kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. 0xf14 á kọ́kọ́ wo USB. Inú raspi-config, ètò tí a fi ń tún Pi tò, ní Advanced Options, níbi Boot Order, lẹ ti lè yí i padà láìkọ nǹkan kan fúnra yín. Fún ilé-ẹ̀kọ́, èmi fẹ́ràn 0xf41 jù. Bí ẹ bá fẹ́ tún dísìkì ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ kàn ki káàdì bọ̀ ọ́, Pi á fi káàdì gbéra. Ẹ yọ ọ́, ó padà sórí dísìkì.

Atúnẹ̀rọṣe_Ouando · ọjọ́ Ajé, alẹ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ dára, àmọ́ dúró ná. Olùkọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan EEPROM pẹ̀lú ṣájà yẹn. Iná ò gbọ́dọ̀ já lákòókò tí wọ́n bá ń kọ ṣípù yẹn.

Pi 4 ń fẹ́ 5V àti 3A. Ojú USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní, 1.2A ni gbogbo wọn jọ pín. SSD tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lè béèrè tó 1A lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá fi 2A bọ́ pátákó, ẹ fi bọ́ dísìkì, ẹ fi bọ́ Wi-Fi tí ogún ọmọ ń fà. Kò lè ká a. Bí fọ́ọ̀tì bá ti wálẹ̀ kọjá 4.63V, Pi á mọ̀, á sì dín ara rẹ̀ kù, ẹ ó rí àmì mànàmáná kékeré lórí síkíríìnì. Ẹ tẹ èyí kí ẹ rí i fúnra yín:

`vcgencmd get_throttled`

0x0 ni a ń wá. 0x50000 ni pé iná ti rẹ̀ ẹ́ nígbà kan láti ìgbà tí ẹ ti tan án. 0x50005 ni pé bó ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí gan-an, ebi iná ń pa á.

Ẹ wá ṣájà Pi gidi, èyí tí wọ́n kọ 5.1V 3A sí. Bí ẹ bá gbà á láti apá Èkó, ẹnu onígun mẹ́ta ti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń ní, kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ ra ẹ̀yà tó ń yí ẹnu padà, kí ẹ mú èyí tó le dáadáa. Èyí tó ń mì nínú ògiri á máa já iná fún yín ju bí iná fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ · Ṣábẹ̀ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìdí òkè Ṣábẹ̀ níbí.

Lójú tèmi, kò pọn dandan kí ẹ dà EEPROM rú. Ẹ fi káàdì sílẹ̀ kó máa jí ẹ̀rọ, kí gbogbo ètò tó kù wà lórí dísìkì. Nínú cmdline.txt, fáìlì àṣẹ ìgbéra tó wà lórí káàdì, kí root=PARTUUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ apá dísìkì) máa tọ́ka sí apá kejì dísìkì. Káàdì ò ní máa kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, á kàn máa kà á lẹ́ẹ̀kan tí ẹ̀rọ bá ń tan, yóò sì pẹ́. Báyìí ni àwọn tó ti ń lo Pi láti ìgbà tó jáde ní 2012 ṣe ń ṣe é.

Mo sì ní ìbéèrè tèmi. Pi 3B ni mo ní, ẹ̀yà tí kò ní àmì + lára. Ṣé òun náà lè gbéra láti orí USB?

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀, òótọ́ ni, ọ̀nà yẹn ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo Pi. N ò fẹ́ ẹ fún Olùkọ́ nítorí ohun kan ṣoṣo: ìgbà tí ẹ bá sọ ètò di tuntun. Bí fstab orí dísìkì (fáìlì tó ń sọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan wà) bá ń tọ́ka sí apá àkọ́kọ́ dísìkì fún /boot/firmware, ibi tí fáìlì ìgbéra ń wà, kernel tuntun (ọkàn ètò náà) á lọ jókòó sórí dísìkì, káàdì á sì máa fi kernel àtijọ́ jí ẹ̀rọ. Àwọn module (ètò kéékèèké tó ń darí nǹkan bíi Wi-Fi) tó wà lórí dísìkì ò ní bá kernel yẹn mu mọ́. Ohun tí ẹ ó kàn rí ni pé Wi-Fi ti pòórá. Olùkọ́ tó dá wà ní Kétu, ta ni yóò bá a wá ìyẹn? Bí ẹ bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀, kí fstab tọ́ka sí káàdì.

Ti Pi 3B yín: bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gbéra. Kò ní EEPROM bíi ti Pi 4. Ohun tó ní ni OTP, ibi kékeré kan nínú ṣípù tí wọ́n lè kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ní pa rẹ́ láéláé. Ẹ kọ ìlà yìí sí ìparí config.txt, fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ Pi, lórí káàdì:

`program_usb_boot_mode=1`

Ẹ fi káàdì náà tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ:

`vcgencmd otp_dump | grep 17:`

Bí ẹ bá rí 17:3020000a, ó ti wọlé. Kí ẹ pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú config.txt, kí ẹ má bàá ki káàdì náà bọ Pi mìíràn tí ẹ ò fẹ́ yí padà. Ti 3B+ ò nílò èyí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ohun tí kò ṣe é yí padà, ẹ fi fáìlì bootcode.bin nìkan sórí káàdì FAT32 kan (FAT32 ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí káàdì), kí ẹ fi í sínú Pi. Òun á lọ wá dísìkì fún un.

Olùkọ́_Kétu · ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí ṣájà 5.1V 3A rà, get_throttled ti di 0x0. Mo ṣe ti EEPROM bí àbúrò wa ṣe là á sílẹ̀, ó ti di tuntun, BOOT_ORDER sì jẹ́ 0xf41. Mo yọ káàdì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú òṣùmàrè yọ lórí síkíríìnì, Linux, ìpìlẹ̀ Raspberry Pi OS, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé! Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó.

Ó wá dúró. Ìlà ń yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ kan sì ń padà wá nínú wọn: uas_eh_abort_handler. Nígbà mìíràn ó máa ń tan tán lẹ́yìn tó ti pẹ́, nígbà mìíràn kì í tan rárá. Ṣé dísìkì náà ti bàjẹ́ ni?

Ìyá_Rédíò · Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́, ẹ má jù ú nù! Kò sí ohun tó ṣe dísìkì yín. Nínú kéébù ni ìṣòro wà.

Ilé-iṣẹ́ rédíò ni mo wà, Pi ló ń kọ orin àti ìkéde fún wa, ohun tí ẹ rí yìí ni àwa náà rí. Inú kéébù tó so SATA mọ́ USB ni ṣípù kékeré kan wà tó ń túmọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Linux máa ń gbìyànjú láti bá a sọ èdè kan tí wọ́n ń pè ní UAS, torí ó yára. Ọ̀pọ̀ ṣípù á ní àwọn gbọ́ UAS, tí wọn ò sì gbọ́ ọ dénú. Linux á bi wọ́n ní nǹkan, wọ́n á dákẹ́, Linux á dúró títí, á fagi lé e, á tún béèrè. Ìfagilé yẹn ni abort tí ẹ ń kà. Ẹ ó ní kí Linux má lo UAS mọ́ fún un, kó lo ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní usb-storage.

Ẹ fi káàdì tan Pi, kí ẹ wá so dísìkì mọ́ ọn lẹ́yìn tó bá ti tan tán. Ẹ tẹ `lsusb`. Ìlà tó jẹ́ ti kéébù yín á ní nọ́ńbà méjì tí àmì ( : ) pín, bí àpẹẹrẹ 152d:0578. Ẹ kọ ti yín sílẹ̀. Ẹ wá so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ ṣí apá tí wọ́n ń pè ní bootfs, ẹ ṣí cmdline.txt. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo náà ni kó wà títí ayé. Bí ẹ bá tẹ Enter sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ò ní gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn, kí ẹ kọ:

`usb-storage.quirks=152d:0578:u`

pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín, kí ẹ fi àlàfo kan sí i kí ọ̀rọ̀ tó kù tó tẹ̀ lé e. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ dá dísìkì padà sára Pi, ẹ tan án. Tó bá tan, ẹ tẹ `lsusb -t`. Tí ẹ bá rí Driver=usb-storage níbi tí Driver=uas wà tẹ́lẹ̀, ó ti gbọ́. Kò ní yára tó UAS, ṣùgbọ́n fún Kiwix ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ó ṣì ń fi káàdì SD sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun kan tí n ò ní gbàgbé láé: bí kíbọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ ti Faransé, AZERTY, ẹ rí i pé ẹ yan fr nínú Imager kí ẹ tó kọ dísìkì. Ètò náà máa ń rò pé kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ni. a á di q, z á di w, nọ́ńbà á ya ibi tiẹ̀, ọ̀rọ̀-aṣínà tí ẹ mọ̀ dájú á sì máa kọ̀ jálẹ̀.

Olùkọ́_Kétu · ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán

Ìyá wa, Ọlọ́run á bá yín tún tiyín ṣe! Ó tan! Ó tan kíá, kò tilẹ̀ dúró. `findmnt /` ní /dev/sda2 ni, káàdì ò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Mo kó àwọn fáìlì Kiwix àti fódà .kolibri láti orí káàdì àtijọ́ wá sórí dísìkì. Máàkì àwọn ọmọ pé síbẹ̀. Wikipedia tó máa ń rò kó tó ṣí, ní kété tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án báyìí ló ti ṣí.

Ó ku ohun kan. Wi-Fi ò dé ìjókòó ẹ̀yìn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹnu ọ̀nà ń já. Mo yọ dísìkì, mo fi káàdì tan án láti dán an wò, Wi-Fi padà lágbára. Kí ló kan dísìkì nínú ọ̀rọ̀ Wi-Fi?

Ìyá_Rédíò · ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ó kàn án o. USB 3 tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń da ariwo rédíò sílẹ̀ ní sàkáání 2.4GHz gan-an tí Wi-Fi ń lò. Intel ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti 2012. Kéébù tí wọn ò fi irin bò dáadáa, tó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, kò sí bí Wi-Fi inú pátákó ṣe máa gbọ́ ohùn fóònù tó jìnnà láàárín ariwo yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ sún dísìkì jìnnà sí Pi níwọ̀n bí kéébù bá gùn mọ, kí ẹ má gbé e lé orí rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ fi dísìkì sí ojú USB dúdú, ìyẹn USB 2. Á lọ sílẹ̀ sí bíi 35MB tàbí 40MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ṣì pọ̀ tó fún àwọn ọmọ tó ń ka ìwé. Pi 4 ní Wi-Fi 5GHz pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní 5GHz. Nítorí náà n ò ní fi í ṣe ìmọ̀ràn fún yín.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ · ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé kò rọrùn jù kí ẹ ti káàdì SD pa, kí nǹkan kan má lè kọ sórí rẹ̀? Overlay File System wà nínú raspi-config. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kọ á lọ sínú ràámù, iná lè lọ bó ṣe fẹ́, káàdì ò ní mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Bó bá jẹ́ Kiwix nìkan ni, ẹ̀gbọ́n, òun ni ǹ bá mú. Ti Kolibri ni kò jẹ́. Máàkì àwọn ọmọ ní láti wà níbì kan lẹ́yìn tí iná bá lọ, ràámù ò sì lè tọ́jú rẹ̀.

Atúnẹ̀rọṣe_Ouando · ọjọ́ Ajé, àárọ̀

Olùkọ́, mo bá yín yọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí mo rí i pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé SSD ti borí iná tó ń lọ. Kò borí rẹ̀. SSD olówó pọ́ọ́kú kò ní ohun tó ń mú iná díẹ̀ dání nínú rẹ̀ kó lè parí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Bí iná bá já láàárín, ohun tó ń kọ á lọ. Ètò fáìlì ext4 máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tan, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ rí i pé ó fara dà á ju káàdì lọ. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí owó yín lọ báyìí ni bátìrì.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì 12V, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 220V kí ẹ tó tún fi ṣájà sọ ọ́ padà di 5V. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa pàdánù iná báyẹn. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 12V di 5V tààrà, tó lè gbé 5A, kí ẹ má bàá lò ó dé góńgó. Kí ẹ tó so Pi mọ́ ọn, ẹ fi mítà wọn ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń yí, ẹ yí i sí 5.1V. Pi ò ní fara da 12V.

Waya wá ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Waya tó tín-ín-rín tó sì gùn dà bí rọ́bà omi tóóró: omi tó wọ̀ ọ́ pọ̀, díẹ̀ ló ń jáde lódìkejì. Ẹ lè wọn 5.1V lẹ́nu ẹ̀rọ, kí Pi máa rí 4.5V. Ẹ fi waya tó nípọn ṣe é, kó kúrú. Apá 12V ni kí ẹ jẹ́ kó gùn bó bá ní láti gùn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kíláàsì bá kún, tí gbogbo wọn ń ṣí fídíò Kolibri, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ get_throttled. Èyí tí ẹ tẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí yàrá ṣófo kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ní ti eruku ọyẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ihò àpótí rẹ̀, kí ẹ máa fọ̀ ọ́.

Olùkọ́_Kétu · ọjọ́ Ajé, alẹ́

Mo dúpẹ́ gidigidi, bàbá. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé ọ́fíìsì, bátìrì náà wà. Màá bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ lọ́la. Ìyá wa, mo sún dísìkì sẹ́yìn tábìlì, Wi-Fi ti dé ẹnu ọ̀nà padà. Ojú búlúù ni mo ṣì ń lò.

Àbúrò, ṣé mo lè ṣe ẹ̀dà dísìkì yìí fún ilé-ẹ̀kọ́ kejì ní Ìlárá?

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀

Ẹ lè ṣe é, Olùkọ́. Lórí Raspberry Pi OS tó ní tábìlì iṣẹ́, ẹ lọ sí Accessories, ẹ ó rí SD Card Copier. Orúkọ káàdì ló ń jẹ́ àmọ́ ó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì náà. Ẹ yan dísìkì yín, ẹ yan tuntun, kí ẹ fi àmì sí New Partition UUIDs. Ẹ má gbàgbé àmì yẹn. Láìsí i, dísìkì méjèèjì á máa jẹ́ orúkọ kan náà, bí ẹ bá sì so wọ́n mọ́ Pi kan ṣoṣo pọ̀, kò ní mọ èyí tí yóò fi gbéra. Bí kéébù ti Ìlárá bá yàtọ̀ sí ti yín, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà inú cmdline.txt.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì Kiwix. Wikipedia Faransé ti kọjá 4GB, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ gbé e lórí clé USB lọ sí Ìlárá, FAT32 ò ní gbà á. Kí clé náà jẹ́ exFAT tàbí ext4.

Kí ẹ sì wo Pi tí wọ́n ní. Bó bá jẹ́ Pi 5, ọ̀rọ̀ ṣájà tún yàtọ̀: láìsí ṣájà 5A, ó máa ń dín iná ojú USB kù sí 600mA, ìyẹn lè má tó SSD. Pẹ̀lú 5A, ó ń fún wọn ní 1.6A.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ · ọjọ́bọ̀, alẹ́

Mo padà dé. Pi 3B mi ti fi 17:3020000a hàn. Dísìkì mi kì í ṣe SSD, èyí tó ń yí ni, tó ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo bá tan méjèèjì pọ̀, Pi ò ní rí i. Bí mo bá tan dísìkì ṣáájú, tó ti yí dáadáa kí n tó tan Pi, ó ń gbéra.

Akẹ́kọ̀ọ́_Dàńgbó · ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ni Pi 3B fi ń dúró de dísìkì, tiyín ò tíì yí tán nígbà yẹn. Ẹ kọ `program_usb_boot_timeout=1` sínú config.txt, ẹ tan án lẹ́ẹ̀kan, á máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. OTP náà ni o, kò ṣe é yí padà, ṣùgbọ́n kò ní pa yín lára.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ · ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀

Mo ti ṣe é. Mo tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ yìí, ó gbéra. O ṣeun, àbúrò.